Ẹrù Ilé àti Ìwé Owó-Orí



Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Adó-Èkìtì, owó tí ẹnì kan ń rí ni ó ń bọ́ aya, ọmọ, ìyá arúgbó àti àbúrò tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹrù gidi ni. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi gbà pé bí ẹnu tí àwọn ń bọ́ bá ti pọ̀ tó ni owó-orí àwọn yóò ṣe dínkù tó. Orúkọ náà gan-an, owó-orí, ń mú kí ènìyàn rò pé orí ni ìjọba ń kà. Ẹni tí ó bá di èrò yìí mú lè ṣìnà lọ́nà méjì: kí ó kọ irọ́ sínú ìwé, tàbí kí ó jókòó ti ìwé náà títí àsìkò yóò fi kọjá.

Ní tòótọ́, òfin ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹbí rí. Lábẹ́ òfin owó-orí ti ọdún 1993 àti àwọn àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e, iye tí wọ́n ń yọ kúrò nínú owó tí ó wọlé, kí wọ́n tó ṣírò owó-orí lórí rẹ̀, di ₦2,500 lórí ọmọ kan, ọmọ kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ti ìbátan tí ogbó tàbí àìlera dá dúró jẹ́ ₦2,000, wọn kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Ẹni tí ó bí méjì lè fẹ́ yá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì kí ó lè pé mẹ́rin. Ẹ̀rí èké ni èyí, bí owó inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Lónìí, àyè náà kò sí mọ́. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, kò yọ kọ́bọ̀ nítorí ọmọ tàbí ìyá. Ohun tí ó ṣe ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí nínú, ìdá 15 nínú 100 sì ni ti ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ń gbé ilé onílé yóò yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí yóò yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù náà wà lára ohun tí a lè yọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo aránṣọ kan ní Adébáyọ̀ tí èrè rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦1,500,000, tí ó sì ń san ₦300,000 fún ilé. Yóò yọ ₦60,000 nítorí ilé, yóò ku ₦1,440,000. Bí a bá yọ ₦800,000 àkọ́kọ́, ₦640,000 ni ó kù. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦96,000. Ìbáà bí ọmọ kan, ìbáà bí mẹ́jọ, iye kan náà ni. Ìwé ẹ̀rí owó ilé ni yóò ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe iye ọmọ.

Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ìwé náà ní ọjọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni òpin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi ti ọdún tí ó kọjá ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé; EKIRS ni ti Èkìtì. Agbanisíṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá. Ìtanràn ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀lé e. Bí aránṣọ wa bá pẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ₦200,000 ni ìtanràn rẹ̀, ó ju ìlọ́po méjì owó-orí náà lọ. Nítorí náà, ẹni tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fara pamọ́. Kí ó gbé ìwé rẹ̀ lọ lónìí, nítorí ìtanràn kì í sùn.

Àwọn ọmọ Èkìtì tí ó wà ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin ibẹ̀ ṣì ń ka ọmọ àti ìbátan. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń gbé Adó, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kò ṣe é kọ sílẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá sì lè parí ìwé rẹ̀ ní oṣù Kẹrin lè tọrọ àyè títí di oṣù Kẹwàá; àyè ìwé nìkan ni, kì í ṣe àyè láti san owó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bíbọ́ òbí àti ọmọ jẹ́ ojúṣe, ẹ̀san rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, bí ìjọba kò tilẹ̀ kà á. A kò gbọdọ̀ fi irọ́ wá ẹ̀san náà lórí ìwé. Āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah kọ́ wa láti máa kọ gbèsè sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó ilé. Bí oṣù Kẹta bá dé, kò ní sí ohun tí ẹ ó máa sá fún.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu, kí Ó sì fi ìbùkún sí ọwọ́ tí ń bọ́ ẹbí. Āmīn.