Ọjà Ńlá ní Ìlú Kékeré: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Ọ̀nà



Nígbà tí olówó bá fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ràgàjì sí ìlú kékeré, ohun méjì ni a sábà máa ń jiyàn lé lórí: iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò rí níbẹ̀, àti ìpalára tí yóò ṣe fún àwọn onísọ̀. Méjèèjì tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ra nǹkan kan níbẹ̀, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun náà yóò pín nínú ohun tí ilé náà yóò náni, nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà. Ẹni yìí ni mo fẹ́ gbẹnu sọ fún lónìí.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà àgbà máa ń wà. Akẹ̀sán wà níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ọjà Ọba wà níwájú ààfin Déjì ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀nà ìlú ti máa ń pàdé. Ẹni tí ó bá fi ojú òde òní wò ó yóò ní, kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi kó gbogbo èrò jọ sí oríta kan ṣoṣo? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ẹni tí ó ru igbá kò gbà ju àyè ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá pàdé ẹlòmíràn, wọn a yà fún ara wọn, wọn a kí ara wọn, wọn a sì kọjá.

Ọjọ́ ọjà náà ní ìlànà tirẹ̀. B. W. Hodder, onímọ̀ jọ́gíráfì tí òun àti U. I. Ukwu jọ kọ ìwé lórí àwọn ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1969, ṣàlàyé bí àwọn ọjà ìgbèríko wa ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn bí òrùka: bí ti ìlú kan bá ná lónìí, ti ìlú kejì di ọ̀la tàbí ọ̀túnla. Àwọn kan ń ná ní ọrọọrún, àwọn mìíràn ní ìsán. N kò sọ pé nítorí ọ̀nà ni a ṣe ṣètò bẹ́ẹ̀. Àǹfààní àwọn alájàpá ni a rò. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà jẹ nínú àǹfààní náà, nítorí pé kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni èrò gbogbo àdúgbò ń ya bò lójoojúmọ́.

Ilé ìtajà ńlá òde òní, èyí tí a ń pè ní mọ́ọ̀lù, ti yí àwọn nǹkan wọ̀nyí padà. Láti 2005 tí The Palms ti ṣí ní Lẹ́kí, irú rẹ̀ ti dé Ìbàdàn àti Ìlọrin, àwọn ìlú tí kò tó wọn sì ń retí tiwọn. Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣí, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbé lọ, wákàtí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé sì ni èrò máa ń kún ibẹ̀ jù.

Wákàtí díẹ̀ wọ̀nyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ó bá ka iye ọkọ̀ tí ń kọjá láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, tí ó pín in ní mẹ́rìnlélógún, tí ó wá ní ọ̀nà yóò gbà á, ó tan ara rẹ̀ jẹ. Ọ̀nà dàbí ọrùn akèrègbè: ohun tí ó bá ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ yóò kọjá, ṣùgbọ́n èyí tí a bá rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà yóò dà nù. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Institute of Transportation Engineers fi gbé ìwé ìṣirò wọn jáde ní 1976, tí wọ́n sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà, tí ó ń sọ iye ọkọ̀ tí ń wọ oríṣiríṣi ilé àti iye tí ń jáde níbẹ̀ ní wákàtí tí ó kún jù.

Oníṣòwò yóò sọ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó yà sí ọ̀dọ̀ òun ni ó jẹ́ tuntun. Pé àwọn kan ti ń kọjá tẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ń kọjá yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí ń yà. Èyí tí ń yà yóò kúrò lójú ọ̀nà, yóò sì tún padà wọ̀ ọ́. Láti 1972 tí a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ yà sí òsì gbọ́dọ̀ dúró de àwọn tí ń bọ̀ níwájú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì dúró dè é. Níbi tí ọ̀nà kan ti yà lára òmíràn, ibi 9 ni ọkọ̀ ti lè forí gbárí. Ní oríta mẹ́rin, ibi 32 ni. Ní ràǹdábáòtù olójú ọ̀nà kan, 8 péré ni. Nítorí náà, irú ẹnu ọ̀nà tí a bá ṣe sí ilé ìtajà lè ṣe pàtàkì bí títóbi ilé náà.

Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà kò sì lè sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kò ní mọ́tò. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbé wọn dé ẹnu géètì, yóò sì dúró síbẹ̀ de èrò mìíràn. Ọkọ̀ akérò yóò já èrò sílẹ̀ lójú títì. Kò ní pẹ́ tí oníbọ̀ọ̀lì àti oníkáàdì yóò fi na agboòrùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ilé náà lè ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó fẹ̀ bí pápá, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di alẹ́.

Kí ni òfin wá sọ? Òfin ètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀, No. 88 ti 1992, ní abala 33, béèrè àlàyé kíkún lórí ipa tí iṣẹ́ yóò ní lórí àyíká lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lo ilẹ̀ ibùgbé tí ó ju hẹ́kítà 2 lọ, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ọ́fíìsì ńlá, àti ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ ńlá. Abala náà kò dárúkọ ọjà. Ó yà mí lẹ́nu, ní ilẹ̀ tí ọjà ti jẹ́ ọkàn ìlú! Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dí àlàfo yìí fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Vermont, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé ohun òyìnbó ni ó dára jù. Àwọn ìlú ibẹ̀ ni ó kéré, wọ́n sì ti ja ìjà yìí dé ilé ẹjọ́. Òfin wọn tí a ń pè ní Act 250, ti ọdún 1970, ní òṣùwọ̀n mẹ́wàá, ìkarùn-ún sì ni ìrìnnà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ pé a kò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ́lé. A kàn lè fún un ní àwọn àdéhùn tí ó tọ́. Nígbà tí Walmart fẹ́ wọ St. Albans ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ̀ fún un, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 1997. Ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò jù ni ìpalára tí yóò bá ọrọ̀ ajé àti owó ìlú. Ní 2013 ni ilé ìtajà náà tó ṣí.

Àwọn kan ka gbólóhùn òfin yẹn sí àbùkù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni ìdáhùn, ẹni tí ó lówó ni yóò gba bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí àdéhùn bá wà, a lè sọ fún un pé kí ó kọ́ ràǹdábáòtù, kí ó ya ibi tí ọ̀kadà àti ọkọ̀ akérò yóò dúró sọ́tọ̀ nínú ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kí a dì mú ṣinṣin, nítorí pé lẹ́yìn tí ọjà bá ti ń ná, ta ni yóò tún lọ bá a pé kí ó wá ṣe títì?

Oníṣòwò náà ni kí ó san owó ìṣirò ọkọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé àti ní ọjọ́ ọjà ìlú. Ṣùgbọ́n kí ìjọba ni ó yan ẹni tí yóò ṣe é. Ẹni tí oníṣòwò bá fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ kì í sábà rí gọ́ọ̀sìlóò.