Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Gba Igi Eléso

Ọ̀rẹ́ mi tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní kò yẹ kí ènìyàn máa bá ojú ọjọ́ jà. Ó ní ilẹ̀ tí kò bá gba igi, kò gbà á náà ni. Mo gbà pé a kì í bá ojú ọjọ́ jà. Ṣùgbọ́n ta ni ó wádìí pé ilẹ̀ náà kò gbà? Ilẹ̀ pápá ìwọ̀-oòrùn Kánádà ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn.

Ilẹ̀ náà wà ní Manitoba, Saskatchewan àti Alberta. Gbalasa ni, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Nígbà òtútù, ó lè tutù dé ìwọ̀n 40 ní ìsàlẹ̀ òdo. Àwa tí ọyẹ́ lásán ń lé wọ inú aṣọ ìbora, kí ni a fẹ́ fi wé e? Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, nǹkan bí 100 sí 120 ọjọ́ péré nínú ọdún ni ìrì dídì kì í sẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyí ni igi gbọ́dọ̀ tanná, kí ó so, kí èso rẹ̀ sì pọ́n.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ àtòkèèrè dé ibẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi ápù tí wọ́n mọ̀ nílé ni wọ́n gbé dání. Igi náà kú. Wọ́n gbin òmíràn, ìyẹn náà kú. Ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá gbà pé àlìkámà nìkan ni ilẹ̀ náà mọ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èso ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn Cree, tí wọ́n jẹ́ ara àwọn onílẹ̀, a máa ká èso wẹ́wẹ́ kan lára igi kúkúrú, wọ́n a sá a gbẹ, wọ́n a pò ó mọ́ ẹran gbígbẹ tí a gún àti ọ̀rá, kí ó lè di oúnjẹ ìrìn àjò tí kì í tètè bàjẹ́. Misâskwatômina ni wọ́n ń pe èso náà. Láti inú orúkọ yìí ni ìlú Saskatoon ti rí orúkọ tirẹ̀. Ẹ wò ó bí ìlú ti ń jẹ́ orúkọ èso ní ilẹ̀ tí wọ́n ní kò lè so èso!

Ọgbọ́n kejì ni pé kí a wá ìbátan igi náà tí ó ti mọ òtútù lára. Ní 1886, ìjọba Kánádà dá àwọn oko ìwádìí sílẹ̀, William Saunders sì ni olùdarí àkọ́kọ́. Ó mú ápù kéékèèké ilẹ̀ Sàìbéríà, tí òtútù kì í pa, ó mú un bá ápù ńláńlá lò pọ̀ láti bí irúgbìn tuntun. Àwọn ọmọ wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n wọn kò kú. Láti orí wọn ni àwọn mìíràn ti tún tẹ̀síwájú.

Bákan náà ni ti ṣẹ́rì. Láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1949 ni Les Kerr, ní Saskatchewan, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣẹ́rì kíkan bá ṣẹ́rì kúkúrú ilẹ̀ Mòǹgólíà lò pọ̀. Ní 1999 ni Yunifásítì Saskatchewan tó gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Carmine Jewel jáde fún àwọn àgbẹ̀. Àádọ́ta ọdún! Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kọ́ ni ó parí rẹ̀.

Bí irúgbìn bá sì dára, ìtọ́jú ṣì kù. Kì í ṣe bí òtútù ti le tó nìkan ní í pa igi, bí kò ṣe àìbágbàmu. Ẹni tí ó bá fi ajílẹ̀ sí ìdí igi nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ ń jí i nígbà tí ó yẹ kí ó máa múra oorun. Ọ̀mùnú rẹ̀ yóò rọ̀, òtútù yóò sì pa á. Ní gúúsù Alberta, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní Chinook a máa fẹ́ láti orí òkè láàárín ìgbà òtútù, a sì máa tan igi jẹ. Oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú a máa mú èèpo igi gbóná, òtútù òru a sì là á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kun ara igi ní ọ̀dà funfun. Wọn kì í gbin igi sí kòtò, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù a máa ṣàn lọ síbẹ̀ bí omi. Wọ́n a fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká nítorí eku àti ehoro tí í máa jẹ èèpo rẹ̀. Wọ́n a sì gbin àwọn igi líle ní ìlà kí wọ́n lè gba ìjì dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan wa. Ẹ mélòó ni a ti wo ọmọ kan ní kíláàsì, tí a ní orí rẹ̀ kò gba ìwé? Bóyá irúgbìn tí a gbé wá ni kò bá a mu. Bóyá àkókò tí ó yẹ kí ó sinmi ni a ń da ajílẹ̀ sí i nídìí. Bóyá èso tirẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀ kí a tó dé, tí a kò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀rẹ́ mi má bínú: kí a tó dá ilẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara wa wò.