Ògiri Ẹ̀yìn Iná

Àwọn àgbà a máa wí pé iná ń jó, ògiri kò sá. Òótọ́ ni. Níbo ni ògiri yóò sá lọ? Ògiri tí ó wà lẹ́yìn ìdáná ni ooru ń bá jà láàárọ̀ àti lálẹ́. Òun ni epo ń ta sí, òun náà ni omi ń ta sí. Kí ni ó yẹ kí a fi bo ògiri yìí, kí owó wa má bàa ṣòfò, kí ilé wa má sì jóná? Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lónìí nìyẹn.

Láyé àtijọ́, ògiri alámọ̀ ni àwọn ìyá wa ń dáná tì. Èéfín a sọ ọ́ di dúdú, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í gbiná. Bí ó bá là, wọn a po amọ̀ tuntun, wọn a sì tún un rẹ́. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, láàárín ọdún 1600 sí 1700, àwọn ènìyàn a máa lẹ amọ̀ pẹlẹbẹ tí a fi iná sun mọ́ ẹ̀yìn ààrò. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13 níbùú lóròó. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá. Ara rẹ̀ dán, aṣọ tútù sì tó láti fi nù ún. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní táìlì lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀tá mẹ́ta ni ògiri yìí ní: ooru, epo, àti omi. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ fi bò ó, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé kò ní jó tàbí kí ó yọ́? Ṣé kò ní fa epo mu? Ṣé kò ní gba omi sára?

Táìlì tí ojú rẹ̀ ń dán dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, owó rẹ̀ kò sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Àléébù rẹ̀ kan ni ìlà tí ó wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì, nítorí sìmẹ́ńtì funfun tí a fi ń dí i a máa fa epo mu. Bí táìlì bá tóbi díẹ̀, ìlà yóò dínkù, iṣẹ́ ẹni tí ń fọ̀ ọ́ yóò sì dínkù.

Òkúta mábù, irú èyí tí a ń wà ní Ìgbẹ́tì, lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kíkan ni ọ̀tá rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tòmátì a máa jẹ ẹ́ lójú, dídán rẹ̀ a sì kúrò níbi tí ó bá ta sí. Dígí kò ní ìlà púpọ̀, ó sì rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi iná mú le; dígí fèrèsé lásán lè sán bí ooru bá mú un. Irin tí kì í dípẹtà ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńláńlá ń lò. Kì í jó, kì í fa epo, àfi pé ojú rẹ̀ tètè ń ha.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń ta ike àti bébà àlẹ̀mọ́ kan lọ́jà, tí ó jọ táìlì bí ìbejì. Ó dára lójú, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bí òróró bá gbiná nínú agbada tí a fi ń dín àkàrà, ọwọ́ iná yóò gun ògiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá bá táìlì, táìlì lè dúdú, ó sì lè sán, ṣùgbọ́n kò ní gbiná. Bí ó bá bá ike, ike yóò yọ́, yóò gbiná, èéfín rẹ̀ ní májèlé, iná náà sì lè dé àjà. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó jìnnà sí iná.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ẹwà ńkọ́?” Ẹwà náà ní àyè tirẹ̀. Bí fèrèsé ilé ìdáná yín bá kéré, ẹ yan àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀, nítorí yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ilẹ̀ bá ti ní àwòrán, ẹ jẹ́ kí ògiri wà láìláwòrán. Ẹ má sì sá fún funfun nítorí pé ó ń fi ìdọ̀tí hàn. Ìdọ̀tí tí a bá rí ni a ń fọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsù. Ògiri kan gùn ní mítà 2, ibi tí a fẹ́ bò ga ní sẹ̀ǹtímítà 60. Táìlì wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú lóròó. Ẹyọ 10 ni yóò wà lórí ìlà kan, ìlà sì jẹ́ 3: ó di 30. Ẹ fi 3 lé e nítorí èyí tí yóò fọ́: 33. Ẹ ò rí i pé kò pọ̀? Kò di dandan kí a bo gbogbo ilé ìdáná. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọ̀ èyí tí ẹ bá padà wá rà lè yàtọ̀.

Kí ẹ tó sanwó gbogbo rẹ̀, ẹ ra ẹyọ kan. Ẹ fi epo pupa àti ata lílọ̀ sí i lójú, kí ó di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́. Bí àbàwọ́n bá kù, ẹ wá òmíràn. Ẹ fi ìka kan ògiri pẹ̀lú. Bí ó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, kí bíríkìlà ha èyí tí ó ti ṣí kúrò kí ó tó lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bá onílé sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ ra irin pẹlẹbẹ tí kì í dípẹtà, kí ẹ gbé e dúró ṣinṣin sẹ́yìn sítóòfù. Ọjọ́ tí ẹ bá kó lọ, ẹ ó gbé e lọ. Ẹni tí ó sì ń fi igi dáná tì ògiri alámọ̀, kí ó má tijú. Kí ó máa rẹ́ ẹ bí ó bá là. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ìwà lẹwà, a máa ń wí bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohun tí a fi bo ògiri. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwà rẹ̀ níwájú iná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo ojú rẹ̀. Ó dìgbóṣe o.