Kòkòrò tí ń Wó Ọ̀gẹ̀dẹ̀



Ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ ti rí i rí: atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti so wó lulẹ̀, èso rẹ̀ kò sì tíì gbó. A ní atẹ́gùn ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ti oko kejì kò wó?

Ẹ mú àdá, ẹ la ìdí èyí tí ó wó. Bí ẹ bá rí ihò dúdú káàkiri inú rẹ̀, kì í ṣe atẹ́gùn nìkan. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Báwo ni a ṣe lè mọ kòkòrò náà? Èyí tí ó dàgbà dúdú, ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ gùn. Ó fẹ́rẹ̀ gùn tó èékánná àtàǹpàkò. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò ṣe bí ẹni tí ó kú. Òru ni ó ń rìn. Ó ń yé ẹyin sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹyin náà yóò di ìdin funfun tí kò ní ẹsẹ̀. Ìdin yìí ni ó ń jẹ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kòkòrò yìí kì í sábà fò. Ta ni ó ń gbé e lọ sí oko tuntun? Àwa ni. Inú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ gbìn ni ó wà.

Kí ni kí a ṣe?

1. Oko tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í wó ni kí ẹ ti mú ọmọ.

2. Ẹ gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, ẹ bẹ ìdí rẹ̀ kí ó funfun. Bí ihò bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má gbìn ín. Ẹ má bẹ ẹ́ nínú oko tuntun.

3. Ẹ se omi kí ó hó. Ẹ ri ìdí ọmọ náà bọ inú rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, títí dé 30, láìkánjú, kí ẹ sì yọ ọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò jinná.

4. Bí ẹ bá ti kórè, ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ tú u ká kí ó gbẹ. Inú èyí tí ń jẹrà ni kòkòrò ń sá sí.

5. Ẹ la igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sí méjì, ẹ da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ nídìí àwọn tí ó kù. Òórùn rẹ̀ yóò pe kòkòrò wá. Ní òwúrọ̀, ẹ ṣí i, ẹ ṣa wọ́n, ẹ pa wọ́n.

Àdá, omi àti igi ìdáná ni iṣẹ́ yìí gbà. Bí ará ilé yín bá tọrọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ka ìwé yìí fún un kí ó tó gbìn ín.