Galaxy S24 Ultra Tó Jáde Lọ́jọ́ 31 January 2024: Ìdí Tí Mo Fi Ní Kí Wọ́n Má Tíì San Àsansílẹ̀

Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, kó ki earpiece bọ etí dáadáa. Ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́, kó rọra máa gbọ́ wa kí ọ̀gá má baà rí i.

Láti ọjọ́ 17 oṣù January 2024 tí Samsung ti gbé Galaxy S24 Ultra jáde fún aráyé wò ní San Jose, ní California, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí WhatsApp wa: ṣé kí n rà á? Ọjọ́ 31 oṣù yẹn ló dé orí àtẹ. Mi ò tíì fọwọ́ kan fóònù náà o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ohun tí Samsung fúnra wọn sọ, àti àwọn lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìpolówó, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Mo kà á. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àbúrò mi kan ló fa ètò tòní. Fídíò òde ló ń yà jẹun: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde. Àjọ kàn án lóṣù yẹn, ló bá ní òun fẹ́ san àsansílẹ̀ fún ẹnì kan ní Computer Village, n'Ìkẹjà, kí fóònù náà lè tètè tẹ òun lọ́wọ́. S22 Ultra ló ń lò nígbà náà. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Ní Amẹ́ríkà, 1,299.99 dọ́là ni wọ́n ń ta èyí tó ní àyè 256GB nígbà tó jáde ní 2024. Ẹ̀yin náà rántí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là nígboro ní January 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà nígbà náà. Ká tó wá ka owó ìkẹ́rù, owó ibodè àti èrè ẹni tó ń tà á, a ti kúrò ní 1,300,000 náírà. Ìyẹn kì í ṣe owó tá a fi ń dán nǹkan wò.

Ohun tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí nígbà náà ni Galaxy AI. Ẹ pe ẹni tó ń sọ Faransé, ẹ̀yin sọ Gẹ̀ẹ́sì, fóònù á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín fún ara yín lórí ìpè níbẹ̀. Mo wò ó nígbà tí wọ́n ń ṣe é lórí ìtàgé, ó wú mi lórí, kí n má purọ́. Mo wá lọ wo àwọn èdè tó gbọ́. Mẹ́tàlá ni nígbà tó jáde ní 2024. Hindi wà níbẹ̀, Thai wà, Vietnamese wà, Polish wà. Yorùbá kò sí. Hausa kò sí, Igbo kò sí, Swahili pàápàá tí odindi orílẹ̀-èdè ń sọ kò sí. Ọmọ tó bá ti ń rò pé òun máa fi bá ìyá ìyá òun n'Ísẹ́yìn sọ̀rọ̀, kó yáa tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 2013 ni Google Translate ti ní Yorùbá, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí fóònù tí owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá eléyìí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ṣáínà wà nínú àwọn mẹ́tàlá yẹn, Faransé náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ọjà láti Guangzhou, tẹ́ ẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́ bá oníbàárà yín jà lórí fóònù, tàbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá àwọn ará Kútọnu ṣòwò, ó lè wúlò fún yín gan-an. Inú fóònù náà ló sì ti ń ṣe ìtumọ̀ ìpè yẹn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gba èdè náà sílẹ̀, kì í gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn yòókù ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń mú èèyàn kúrò nínú fọ́tò, tó sì ń fi nǹkan mìíràn dí àyè rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lò, ó ń béèrè àkáǹtì Samsung, ó sì ń fi àmì sára fọ́tò náà. Oníbàárà tó sanwó fọ́tò ìgbéyàwó kò ní fẹ́ rí àmì yẹn. Circle to Search, tó jẹ́ pé ẹ kàn máa fi ìka yí nǹkan po lójú fóònù kí Google bá yín wá a, èmi fẹ́ràn ìyẹn. Ti Google ni, kì í ṣe ti Samsung nìkan: ọjọ́ 31 January 2024 kan náà ló dé orí Pixel 8. Samsung sì sọ nígbà náà pé S23 àti àwọn tó bá a jáde máa gba Galaxy AI kí ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2024 tó parí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí S23 wà lọ́wọ́ yín, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹun yín.

Lẹ́tà wínníwínní tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun nìyí: ohun tí wọ́n kọ ní 2024 ni pé ọ̀fẹ́ ni Galaxy AI títí di òpin ọdún 2025. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Nígbà yẹn, wọn ò sọ pé àwọn máa gbowó, wọn ò sì sọ pé àwọn ò ní gbà á. Ẹ bá mi rò ó. Fóònù tó ju 1,300,000 lọ, ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ jù lọ ò ní ju ọdún méjì tó dájú lọ nígbà náà.

Èmi náà ti kó sí i rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo ra fóònù kan, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí pé tẹ́ ẹ bá ju ọwọ́ níwájú rẹ̀, á gbé ìpè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ju ọwọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, nínú dánfó, mo kàn fẹ́ lé eṣinṣin, ó gbé ìpè ọ̀gá mi níbi tí mo ti ń bá kọ̀ǹdọ́ jà lórí ṣéńjì. Mo pa á lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tàn án mọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa pariwo, tó jẹ́ pé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ kọjá, ni update ọdún méje. Android tuntun fún ọdún méje, ààbò fún ọdún méje. Google ló kọ́kọ́ ṣèlérí irú ẹ̀ lórí Pixel 8 ní October 2023, Samsung wá bá wọn níbẹ̀. Ní ìlú tó jẹ́ pé tókúnbọ̀ la sábà máa ń rà, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìgbà tí fóònù jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún méje yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹni tó bá ra S24 Ultra tókúnbọ̀ ní 2027, ọdún mẹ́rin ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra fóònù ọlọ́dún mẹ́ta mìíràn lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé áàpù báńkì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé fóònù ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé update ni wọ́n ṣèlérí, kì í ṣe bátìrì. Bátìrì ò ní lo ọdún méje. Ẹ fi owó tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀ kún ìṣirò.

Bátìrì náà, 5,000 mAh ni, bí ti S20 Ultra ti 2020 gẹ́lẹ́. Samsung ní tẹ́ ẹ bá fi ṣájà 45W gba iná sí i, á tó 65% láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Pẹ̀lú bí NEPA ṣe ń ṣe sí wa, ìyẹn dára. Ṣájà ò sí nínú páálí ṣá.

Ojú fóònù ni mo rò pé á dùn mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè tó 2,600 nits, ti S22 Ultra jẹ́ 1,750. Corning tó ṣe gíláàsì rẹ̀ ní ó ń dín dídán oòrùn kù tó 75%. Ẹni tó bá ti ya fídíò rí lọ́sàn-án gangan, tó ń fi ọwọ́ ṣíji bo fóònù kó lè mọ ohun tó ń yà, á mọ ohun tí mò ń wí. Ti tìtàníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀: gíráàmù 232 ni, S22 Ultra sì jẹ́ 228. Kò fúyẹ́.

Ó ku kámẹ́rà, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ àbúrò mi wà. S22 Ultra ní kámẹ́rà kan tó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po 10. Òun ló fi ń ya ojú ìyàwó láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn aláṣọ ẹbí bá ti dí gbogbo iwájú. Lórí S24 Ultra, wọ́n ti yọ ọ́. Ìlọ́po 5 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n dípò 10MP, 50MP ni. Àlàyé wọn ni pé nígbà tí MP ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá gé àárín àwòrán náà fún ìlọ́po 10, á ṣì mọ́ kedere. Ó bọ́gbọ́n mu, mo sì gbà pé ìlọ́po 5 fúnra rẹ̀ á dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn alẹ́, tí MC ti ní kí wọ́n pa iná, tó ku iná aláwọ̀ àlùkò yẹn nìkan? Mi ò lè bá Samsung búra. Wọn ò tíì ya ìgbéyàwó kankan n'Ímúṣin.

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Má san àsansílẹ̀. Fóònù Samsung kì í pẹ́ kí owó rẹ̀ tó wálẹ̀, S22 Ultra tìrẹ sì ṣì ń gba update ààbò di 2027. Ó dá mi lóhùn pé, "Bọ̀dá mi, tí dọ́là bá tún gòkè lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ló sọ: fóònù lè wálẹ̀ ní dọ́là kó gòkè ní náírà. Mo ní tó bá jẹ́ pé ìyẹn lẹ̀rù rẹ̀, kó dúró ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tó bá jáde, kó rí fídíò tí wọ́n yà lálẹ́ ní ìlọ́po 10, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Tó bá sì máa rà á, kó béèrè ibi tó ti wá. Ti Amẹ́ríkà, ojú síímù kan péré ló ní, èkejì jẹ́ eSIM. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo síímù méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ti dátà, ẹ fi sọ́kàn.

Ó gbà láti dúró. Owó àjọ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá wa, ibi tí kò ti lè yọ́ ọ mú. Ẹ̀yin tó ti tẹ̀ lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fọ́tò òdòdó ránṣẹ́ sí mi. Ẹ lọ sí òde kan lálẹ́ Sátidé, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ ya ìyàwó ní ìlọ́po 10, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa. A máa jọ wò ó ní ètò tó ń bọ̀.