Ọkọ̀ Ogun Oníṣẹ́ Méjì: Ohun Tí Kiev Wá Ṣe Lójú Òkun

Gbogbo wa níbí la mọ kúrúsà, ọkọ̀ ogun tó yára, tó ń gbé àgbá tàbí mísáìlì rìn jìnnà. A sì mọ ọkọ̀ agbébàálù. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí, n kò sì ní fi ìtumọ̀ gba àkókò yín.

Òwe kan wà tí àwọn tí kò gba tèmi, pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò, máa ń fi dá mi lóhùn: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òwe náà bá àwọn ará Japan mu. Lóṣù kẹfà ọdún 1942, ọkọ̀ agbébàálù mẹ́rin ló bómi lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ogun Midway. Ìdààmú yẹn ló mú wọn fa Ise àti Hyuga wọlé, ọkọ̀ alágbàá ńlá méjì. Wọ́n yọ mẹ́rin nínú àgbá 12 tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́ ilé bàálù sí ìdí wọn, wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbé bàálù 22. Bàálù lè gbéra níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè tó lè bà padà sí. Nígbà tí ogun Leyte dé lóṣù kẹwàá ọdún 1944, kò sí bàálù kankan lórí wọn rárá. Lóṣù keje ọdún 1945, bàálù Amẹ́ríkà rì wọ́n ní agbègbè Kure.

Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ wa kan á sọ ìtàn yìí tán, á pa ìwé dé, á ní ẹjọ́ ti parí. Mo bá a jiyàn nígbà náà. Ó ti lọ sinmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n iyàn náà kò tíì tán lọ́kàn mi, nítorí ọkọ̀ Kiev.

Mykolaiv, nítòsí Òkun Dúdú, ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti kọ́ Kiev àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta: Minsk, Novorossiysk àti Baku. Ọkọ̀ ńlá kankan kò lè ti ibẹ̀ jáde sí agbami àfi kó gba ojú omi tóóró tó wà lábẹ́ àṣẹ Tọ́kì, Àdéhùn Montreux ti ọdún 1936 ló sì ń darí ọ̀nà yẹn. Àdéhùn náà gba àwọn orílẹ̀-èdè etí Òkun Dúdú láàyè láti mú ọkọ̀ ogun ńlá kọjá, bó tilẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 15,000 lọ, bó bá ń dá kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ apanirun tí kò ju méjì lọ. Kò ka ọkọ̀ agbébàálù mọ́ irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Kiev kọjá ní Bosphorus lóṣù keje ọdún 1976, kúrúsà ni wọ́n pè é. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń wí pé ẹ̀tàn lásán ni, pé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kàn fún ọkọ̀ agbébàálù lórúkọ mìíràn kí Tọ́kì lè ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀. Ọdọọdún lẹ ń tọ́ka sí Montreux nínú àpilẹ̀kọ yín, ẹ kì í sì í ka Àdéhùn náà fúnra rẹ̀. Àfikún kejì rẹ̀ sọ ọ́ kedere: pé ọkọ̀ kan ní ibi tí bàálù ti ń gbéra tàbí tó ń bà sí kò sọ ọ́ di ọkọ̀ agbébàálù, bí kì í bá ṣe bàálù ni olórí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká béèrè ni olórí iṣẹ́ Kiev.

Ẹ wo iwájú rẹ̀. Ibi tí bàálù ìbá ti sáré gbéra, mísáìlì ló kún ibẹ̀: ọ̀pá ìyìnmísáìlì mẹ́jọ fún Bazalt, tó lè fò tó nǹkan bíi 550 kìlómítà láti lọ kọlu ọkọ̀ ọ̀tá. Ta ni yóò fi iwájú ọkọ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé bàálù ló ń lé? Síbẹ̀ Bazalt kò ríran dé ibi tó lè fò dé. Ayé rí róbótó, ràdà orí ọkọ̀ kò sì lè wo ẹ̀yìn ibi tí ojú òkun ti tẹ̀ wálẹ̀. Hẹlikópítà Ka-25 ló ń gòkè lọ wo ọ̀tá, tó sì ń júwe rẹ̀ fún mísáìlì. Ka-25 mìíràn ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi. Ṣé ẹ rí i báyìí? Iṣẹ́ ọ̀kan ló ń jẹ́ kí èkejì ṣeé ṣe. Ní ti Ise, ńṣe ni bàálù gba àyè àgbá, tí kò sì ran àgbá lọ́wọ́.

Mo gbà pé Yak-38, bàálù tó ń gbéra ní ìdúró lórí Kiev, kò lágbára. Kò ní ràdà, kì í lọ jìnnà, agbára rẹ̀ sì ń dínkù nínú ooru. Ẹni tó bá fi í wé bàálù orí ọkọ̀ Amẹ́ríkà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni idà ọkọ̀ náà.

Wọ́n ti ń fi ìwé hàn mí pé àkókò ń lọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí Gotland ti Sweden, kúrúsà tó ń gbé bàálù orí omi láti ọdún 1934, àti lórí Invincible tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pè ní kúrúsà kó tó lọ jagun Falklands ní 1982. A ó fi wọ́n sílẹ̀. Ọkọ̀ Kuznetsov ti Rọ́ṣíà pẹ̀lú, níbi tí àwọn alátakò mi ti ní ọ̀rọ̀ sọ gan-an, a ó dé e lórí ìbéèrè.

Ohun kan péré ló kù. Íńdíà ra Baku, tí wọ́n ti ń pè ní Admiral Gorshkov. Wọ́n fẹ́ kó di ọkọ̀ agbébàálù tòótọ́ fún MiG-29K. Wọ́n hú gbogbo mísáìlì iwájú rẹ̀ kúrò, wọ́n kọ́ òkè tí bàálù ń sáré gùn gbéra síbẹ̀, ọdún pípẹ́ ni iṣẹ́ náà sì gbà kó tó wọ iṣẹ́ ní 2013 gẹ́gẹ́ bíi Vikramaditya. Bí Baku bá ti jẹ́ ọkọ̀ agbébàálù tẹ́lẹ̀, kí ni Íńdíà ń fi gbogbo ọdún yẹn àti gbogbo owó yẹn ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kọ́kọ́ dáhùn èyí.