Fóònù Tí A Rà Lẹ́yìn Ààlà

Ẹ jókòó, kí ẹ mú ìwé àti báírò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí fóònù tí a rà ní orílẹ̀-èdè kan, tí a fẹ́ lò ní orílẹ̀-èdè mìíràn.

Agboolé wo láàárín wa ni kò ní ẹnì kan ní Nàìjíríà tàbí ní Tógò? Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé ọdún, fóònù wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń mú wá. Ẹ̀bùn náà dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí yóò ṣe wúlò.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ oko ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Nàìjíríà. Nígbà ọdún Kérésìmesì 2024, ó ra fóònù kan fún ìyá wa lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó tà á ní ẹ̀dínwó. Lọ́hùn-ún, fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí ó mú un délé, tí a fi káàdì ìyá wa sí i, ó kọ̀. Ó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Àbúrò mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá wa ní fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì lè fi pe ọmọ rẹ̀.

Kí ló fà á? Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ fóònù. Èkíní ni fóònù fúnra rẹ̀. Èkejì ni káàdì kékeré tí à ń pè ní SIM, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní puce. Káàdì yìí ló ni nọ́ńbà. Òun náà ló mọ iléeṣẹ́ tí a ń sanwó fún. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń ti fóònù tí wọ́n tà ní ẹ̀dínwó pa, kí ó má bàa gba káàdì ẹlòmíràn. Irú rẹ̀ wà nínú àwọn fóònù tòkunbọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. MTN wà ní Nàìjíríà, ó sì wà ní Benin. Ṣùgbọ́n káàdì tí a rà lọ́hùn-ún, àlejò ni níbí. Owó tí àlejò ń san láti pe ènìyàn sábà máa ń pọ̀ ju ti onílé lọ. Nígbà mìíràn, yóò sanwó bí wọ́n bá pè é pàápàá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ pẹ́ níbì kan, káàdì ibẹ̀ ni kí a lò.

Bí a bá fẹ́ ra fóònù, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́ta:

1. Kí a tó sanwó, kí a fi káàdì iléeṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ sí ara wọn dán an wò, kí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pe ènìyàn.

2. Kí a gba rìsíìtì, kí a sì tọ́jú rẹ̀.

3. Kí a wo ṣájà. Ti Nàìjíríà sábà máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun. Ojú iná tiwa ń gba ẹsẹ̀ roboto méjì.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni. Láti ọjọ́ 30 oṣù November 2024, nọ́ńbà fóònù ní Benin ti kúrò ní òǹkà 8, ó ti di 10. A fi 01 síwájú ti àtijọ́. Àbúrò mi kò mọ̀. Ó ń fi nọ́ńbà àtijọ́ pe aládùúgbò wa, kò wọlé. Ìyá wa ń sọ pé, "Ọmọ mi ti gbàgbé mi." Bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé rẹ̀ rárá.

Ẹni tó wà lẹ́yìn odi yóò kọ́kọ́ tẹ +229, lẹ́yìn náà 01, lẹ́yìn náà òǹkà 8 ti àtijọ́. Bí a bá tẹ 0 mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmì + yóò jáde lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Bí a bá ń pe Nàìjíríà láti ibí, a ó tẹ +234, a ó sì yọ 0 tó wà níwájú nọ́ńbà wọn kúrò. Ṣùgbọ́n a kì í yọ 0 tó wà nínú 01 tiwa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí a bá kọ nọ́ńbà báyìí pamọ́ sínú fóònù, yóò wọlé nílé, yóò sì wọlé lẹ́yìn odi.

Nígbà tí àbúrò mi tún wá, ó mú fóònù náà padà lọ pẹ̀lú rìsíìtì. Iléeṣẹ́ tó tì í náà ló ṣí i. Kí ó tó lọ, ìyá wa, tó ń kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé fún un, láti orí + dé ìparí. Nísinsìnyí, wọ́n ń gbóhùn ara wọn.

Ìbéèrè fún kíláàsì: Báwo ni ọmọ rẹ tó wà ní Ìbàdàn yóò ṣe tẹ nọ́ńbà rẹ? Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí i.

Ó dìgbà kan ná o.